Bí ẹ ṣe lè pa aṣọ sílíkì láró nílé láì ba á jẹ́

Ohun tó ń ba sílíkì jẹ́ jù lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni pé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pa básẹ̀ǹ, aṣọ òwú tó ń dán yẹn, láró la máa ń gbé lọ bá a. Ẹni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa básẹ̀ǹ láró rí mọ bó ṣe ń lọ, wọ́n á po sódà, wọ́n á da idirosulfíìtì, kẹ́míkà tó ń yọ́ aró, sí i, wọ́n á ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á fà á yọ, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, àwọ̀ á jáde, ó tán. Ìyẹn dáa fún básẹ̀ǹ torí pé òwú ni, inú oko ló ti wá, òwú sì lè gba sódà. Sílíkì kì í ṣe òwú o. Ara kòkòrò ló ti jáde, ẹbí kan náà lòun àti irun orí yín àti èékánná yín, sódà kọ́sítíìkì tó gbóná á sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kódà èyí tí ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, á mú dídán ẹ̀ lọ, á sọ ọ́ di aṣọ gbígbẹ tó ń ya fúnra ẹ̀. Ohun kíkan ni sílíkì ń fẹ́, finẹ́gà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, pẹ̀lú iná tí ò pọ̀ jù. Tí ẹ bá di èyí mú, gbogbo ìyókù sùúrù ni.

Ṣé sílíkì ni lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan tí wọ́n ń pè ní sílíkì tàbí sátẹ́ẹ̀nì ní ọjà Wáńdò, polyester ni, fọ́nrán ike, ó ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ẹ lè sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, aró tí à ń sọ yìí ò ní mú un. Sílíkì gidi, inú aṣọ òkú òyìnbó, ìyẹn aṣọ àlòkù, la ti sábà máa ń rí i, àwọn tó bá lè fara balẹ̀ tú ẹrù ní Misẹ́bò ní Kútọnu máa ń bá blúùsì àti fúláàrì (ìborùn) tó dáa pàdé. Ẹ wo etikẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ láti Faransé ló ti wá, *soie* ni wọ́n máa kọ, ti Itálì *seta*, ti Jámánì *Seide*, ti Pọtogí àti Sípéènì *seda*, ti Gẹ̀ẹ́sì *silk*. Ẹ wo iye tó wà níwájú ẹ̀ pẹ̀lú, 100 % ló dára jù. Tí wọ́n bá kọ 50 % soie, 50 % coton, aró á mú ìdajì sílíkì yẹn, òwú á kàn pọ́n díẹ̀, aṣọ náà á rí ṣákaṣàka, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti gé etikẹ́ẹ̀tì kúrò ńkọ́? Iná la máa fi dán an wò. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí aṣọ gan-an, níbi tí wọ́n ká sínú, kì í ṣe òwú tí wọ́n fi rán an o, torí òwú ìránṣọ polyester ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa tàn yín jẹ. Ẹ fi píńsì mú un sórí abọ́ omi, ẹ ṣáná sí i. Sílíkì kì í fẹ́ jó, tí ẹ bá gbé e kúrò lára iná á kú fúnra ẹ̀, òórùn irun tó jó lẹ máa gbọ́, èyí tó kù á dúdú, tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á fọ́ wẹ́wẹ́. Polyester á yọ́, á máa rú èéfín dúdú, tó bá tutù á di kóró líle. Òwú àti fisikóòsì (aṣọ tí wọ́n ń fi igi ṣe) á jó bíi bébà, eérú wọn á fúyẹ́.

Ọ̀nà kejì ni jafẹ́ẹ̀lì, omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ kó lè funfun. Ẹ ki fọ́nrán yẹn sínú ife kékeré tó ní jafẹ́ẹ̀lì, ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Sílíkì á yọ́ sínú ẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́, polyester àti òwú á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ti wá rí ìdí tí jafẹ́ẹ̀lì ò fi gbọdọ̀ kan sílíkì láé, ì báà ṣe láti yọ àbàwọ́n kékeré.

Ẹ tún yẹ aṣọ náà wò kí ẹ tó gbé omi kaná

Gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Abẹ́ apá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, òógùn àti nǹkan tí a ń fi sí abíyá máa ń jẹ sílíkì, tí ibẹ̀ bá ti ń ya bíi bébà, aró ò lè tún un ṣe, ẹ fi í ṣe nǹkan míì. Àbàwọ́n epo náà, ibi tí epo wà aró ò ní wọlé dọ́gba. Òwú tí wọ́n fi rán an máa dúró pẹ̀lú àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, tí aṣọ funfun bá di búlúù, ìlà ìránṣọ á ṣì funfun, ó lè rẹwà, ó sì lè má rẹwà, ẹ ti mọ̀ ṣáájú. Bọ́tìnnì tó ṣe iyebíye, ẹ tú u. Kóòtù tó ní aṣọ inú àti gúlúù lọ́rùn, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a láṣà nílé, inú á sún kì, ìta ò ní sún kì, ó tán.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ lórí àwọ̀: aró kì í sọ aṣọ di fẹ́ẹ́rẹ́, ńṣe ló máa ń fi kún un. Pupa lórí búlúù á di àwọ̀ àlùkò, yẹ́lò lórí búlúù á di àwọ̀ ewé, kò sí ohun tó máa hàn lórí dúdú. Tí aṣọ bá ní òdòdó lára, òdòdó yẹn á ṣì máa yọjú lábẹ́ àwọ̀ tuntun.

Irú aró tó yẹ

Èyí tó bá sílíkì mu jù ni aró asíìdì, pọ́dà ni, òun náà ni wọ́n fi ń pa irun àgùntàn láró. Orúkọ ẹ̀ lè dẹ́rù ba èèyàn, àmọ́ kì í ṣe asíìdì bátìrì, ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ ni pé inú omi kíkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jà, ẹ ka ara páálí: tí wọ́n bá kọ *laine et soie* (irun àgùntàn àti sílíkì) sí i, òun la ń wá. Tó bá jẹ́ *coton, lin* nìkan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ da iyọ̀ àti sódà sí i, ẹ dá a padà. Àwọn kan wà tí wọ́n ní gbogbo aṣọ ló wà fún, àwọn yẹn jẹ́ àdàlù aró oríṣiríṣi nínú páálí kan, apá kan ẹ̀ á mú sílíkì, apá tó jẹ́ ti òwú á bá omi lọ, ẹ lè lò ó, ẹ sáà má retí kí omi inú ìkòkò mọ́ gaara níparí.

Ti ẹni tí owó ọwọ́ ẹ̀ kéré ni àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Púpọ̀ nínú wọn, irú aró kan náà ni, pẹ̀lú finẹ́gà àti iná wọ́n máa ń mú sílíkì dáadáa. Ọmọdé tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lè fi pa fúláàrì kékeré, kò sí ewu nínú ẹ̀. Wọ́n máa ń ṣá lóòrùn ju aró asíìdì lọ ṣá o.

Ohun èlò

Ìkòkò inọ́kìsì (irin tí kì í dípàtà) tàbí ti tánganran tí ara ẹ̀ ò tíì bó. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ń rọ nílé yìí ò dáa, finẹ́gà máa ń jẹ ẹ́, ìkòkò irin náà máa ń mú kí àwọ̀ ṣókùnkùn. Ìkòkò tí ẹ bá fi pa aró, ẹ ò ní fi se ọbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíbí àti ọ̀pá ìrò. Ẹ wá ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń wọn pọ́dà, ó fúyẹ́, ó máa ń fò. Tẹmómítà dáa tí ẹ bá rí i. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù náà dáa, bí kò bá sí, ṣíbí tíì kan tí ẹ gé orí ẹ̀ dọ́gba sábà máa ń gba pọ́dà tó wọn gíráàmù 2 sí 3.

Omi ńkọ́? Omi ẹ̀rọ tó. Tí omi kàǹga yín bá máa ń fi ìpàtà sílẹ̀ lára bókẹ́ẹ̀tì, irin wà nínú ẹ̀, yẹ́lò àti pupa ò ní mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ lo omi òjò, àmọ́ kí ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù náà kí ẹ tó gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an

Ẹ wọn aṣọ náà ní gbígbẹ. Blúùsì fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 100, fúláàrì 90 lórí 90 nǹkan bíi 50. Orí ìwọ̀n yìí la máa fi ṣírò gbogbo nǹkan. Fún gíráàmù 100 aṣọ, gíráàmù 1 pọ́dà á fún yín ní àwọ̀ tó wà láàárín, gíráàmù 2 á dùn dáadáa, ìdajì gíráàmù á fẹ́ẹ́rẹ́. Dúdú ń fẹ́ tó gíráàmù 4, tí mo bá sì lè gbà yín nímọ̀ràn, ẹ fi dúdú sílẹ̀, nílé ó sábà máa ń fà sí àwọ̀ ewé tàbí àlùkò, búlúù tó ṣókùnkùn níyì jù ú lọ. Omi, lítà 3 sí 4 fún gíráàmù 100 yẹn, kí aṣọ lè máa léfòó kó máa yí bó ṣe wù ú, torí ibi tó bá ti ká jọ ni àwọ̀ á ti di pálapàla.

Ẹ fọ aṣọ náà, bó tiẹ̀ mọ́ lójú yín. Ṣàǹpóò ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, èyí tí a fi ń fọ irun, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọṣẹ pọ́dà ìfọṣọ kì í ṣe ti sílíkì, púpọ̀ nínú wọn ní ensáìmù tó ń jẹ àbàwọ́n ẹran àti ẹyin, ara ohun tó dá ẹran ló dá sílíkì, ẹ rí i pé aṣọ gan-an ló máa jẹ. Ẹ ṣan án, kí ẹ fi sílẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìdajì wákàtí. Aṣọ gbígbẹ tí ẹ bá sọ sínú aró, ibi tó kọ́kọ́ kàn á mu tán, ibi tó kù á máa wò.

Bó ti ń rẹ lọ́wọ́ kí ẹ po aró. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó ki bíi kókó tí a fẹ́ da omi gbígbóná lé, lẹ́yìn náà ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ rò ó títí tí kóró kankan ò fi sí níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́ ẹ sínú ìkòkò, kóró kan tó bá sá sínú ìkòkò, ojú kan tó ṣókùnkùn ju ìyókù ló máa fi sára aṣọ yín. Ẹ ki igun aṣọ ìnujú funfun kan bọ̀ ọ́ kí ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, tó bá pupa jù, tó bá ń fẹ́ yẹ́lò díẹ̀, àsìkò yẹn lẹ lè tún un ṣe.

Ìkòkò á wà lórí iná kékeré, omi á lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bíi dìgírì 40. Ẹ gbé aṣọ tútù náà sí i, ẹ tẹ́ ẹ, kì í ṣe kí ẹ jù ú sí i o. Ẹ máa yí i. Ẹ máa yí i ṣáá fún ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, foonu lè dúró, ìgbà yìí gan-an ni àwọ̀ ń pinnu bóyá òun máa dọ́gba. Lẹ́yìn náà ẹ da finẹ́gà sí i. Nǹkan bíi mílílítà 100 finẹ́gà funfun tí a ń fi jẹ sàláàdì fún lítà 4 omi, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ dà á, ìdajì nísinsìnyí, ìdajì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà kàn án tààrà. Finẹ́gà ló ń mú kí aró sáré wọ inú sílíkì, tí ẹ bá dà á lójijì, ó máa sáré jù. Tó bá jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ ní, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ, bákan náà ni.

Ẹ máa mú iná sókè díẹ̀díẹ̀, kó gba tó ìdajì wákàtí kó tó dé dìgírì 80 sí 85. Ẹni tí ò ní tẹmómítà, ẹ wo omi: ooru á máa rú, àwọn ìfófó kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, àmọ́ kò gbọdọ̀ hó. Tí sílíkì bá hó, dídán ẹ̀ á lọ, kì í sì í padà. Èédú ṣòroó ṣàkóso fún iṣẹ́ yìí, gáàsì ni mo fẹ́ràn jù, tó bá jẹ́ èédú lẹ ní, ẹ máa kó díẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀ bó bá ti ń gbìyànjú àtihó. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí míì, kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan tó máa ń ya àwọn tó mọ básẹ̀ǹ lẹ́nu nìyí: omi inú ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Tó bá jẹ́ aró asíìdì gidi tí ẹ ò sì ṣe àṣejù, gbogbo àwọ̀ á kúrò nínú omi, á lọ sínú aṣọ, ẹ máa rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tí omi bá ṣì ṣókùnkùn, ẹ fi finẹ́gà ṣíbí méjì mẹ́ta kún un, kí ẹ dúró sí i. Ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò fúnra ẹ̀, kì í ṣe kí ẹ fà á yọ gbígbóná kí ẹ wá kì í bọ omi tútù.

Ìṣàn: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà omi tútù, títí omi á fi mọ́. Omi tó kẹ́yìn, ẹ da finẹ́gà ṣíbí ìjẹun kan sí i, tó bá gbẹ aṣọ náà á máa dún *ṣìrìṣìrì* lọ́wọ́, ohùn sílíkì gidi nìyẹn, òórùn finẹ́gà á sì lọ. Ẹ má fún un. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì, ẹ ká a pọ̀ bíi ẹní, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá sá a síbi ìbòòji. Oòrùn wa yìí máa ń sọ sílíkì di gbígbẹ, nígbà ọyẹ́ kò tiẹ̀ nílò oòrùn rárá, kí ẹ tó jẹun tán ó ti gbẹ. Ẹ lọ̀ ọ́ láti inú, nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, iná áyọ́ọ̀nù kékeré. Àwọ̀ tí ẹ rí nínú omi máa fẹ́ẹ́rẹ́ sí i tó bá gbẹ, ẹ má sáré dá a padà sínú ìkòkò nígbà tó ṣì tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ ti ìbílẹ̀

Èèpo àlùbọ́sà ni mo máa kọ́kọ́ sọ, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ àwọn ìyá alálùbọ́sà, wọn á tiẹ̀ dúpẹ́ pé ẹ bá àwọn gbá a. Álọ́ọ̀mù lẹ máa fi pèsè aṣọ sílẹ̀: gíráàmù 10 sí 15 fún gíráàmù 100 aṣọ, ẹ yọ́ ọ sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí aṣọ sùn sínú ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ se èèpo tó wọn tó aṣọ yẹn fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ, kí aṣọ wọ inú ẹ̀ lórí iná kékeré fún wákàtí kan. Èèpo aláwọ̀ ilẹ̀ á fún yín ní wúrà tó ń tàn. Ti àlùbọ́sà pupa tó ń wá láti Nìjẹ̀, á ṣókùnkùn sí i, nígbà míì á fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀. Àwọ̀ tó dùn ni.

Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ní èyí tó ju ìyẹn lọ nítòsí: èèpo ọkà bàbà pupa tí àwọn Fúlàní fi ń pa wàgáṣì, ìyẹn wàrà, lára. Pẹ̀lú álọ́ọ̀mù kan náà, ó máa ń fún sílíkì ní pupa bíríkì tó rẹwà gan-an. Àwọn tó ń se wàgáṣì máa ń fi káun díẹ̀ sí i kí àwọ̀ lè jáde, ẹ fo ìyẹn dá fún sílíkì torí ẹbí sódà ni káun, ẹ sè é pẹ́ sí i dípò ẹ̀.

Ìṣápá ń tan èèyàn. Nínú ìkòkò ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, lára aṣọ ó rẹwà, ọṣẹ àkọ́kọ́ tó bá kàn án ó ti di eérú. Osùn náà, ara ọmọ ìkókó ló mọ̀ ọ́n pa, inú omi lásán àwọ̀ ẹ̀ kì í fẹ́ yọ́. Ẹ̀lú ńkọ́? Ó ń mú sílíkì, búlúù ẹ̀ ò sì láfiwé, àmọ́ omi eérú wà nínú ìkòkò aró, ẹbí sódà lòun náà, ewu tí mo ti sọ nìyẹn. Tí ìyá aláró kan bá gbà kí ẹ ki fúláàrì bọ ìkòkò ẹ̀, kó má pẹ́ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ ṣan án, kí ẹ sì fi omi finẹ́gà parí ẹ̀ kíá. Sányán ní tiẹ̀, àwọ̀ tí kòkòrò fún un ni iyì ẹ̀, èmi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi pa á láró.

Bí kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́

Pálapàla: ẹ dá a padà sínú omi tuntun pẹ̀lú àwọ̀ tó ṣókùnkùn ju ti àkọ́kọ́ díẹ̀, ẹ yí i dáadáa. Tàbí kí ẹ kúkú fi òwú dì í bíi àdìrẹ, kí ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ayé á rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó dúdú jù: omi gbígbóná tí ò hó, ṣàǹpóò díẹ̀, kò sí finẹ́gà, díẹ̀ nínú àwọ̀ á jáde. Ó ń yọ lẹ́yìn tí ẹ ṣan án títí: iná ò tó tàbí finẹ́gà ò tó, ẹ dá a padà sínú dìgírì 85 pẹ̀lú finẹ́gà fún ìdajì wákàtí.

Ẹ̀ẹ̀mélòó kan àkọ́kọ́ tí ẹ bá máa fọ̀ ọ́, òun nìkan ni, ṣàǹpóò àti omi tútù. Ẹ ṣọ́ òógùn náà o. Ní Kétu, tí wọ́n bá wá yá gèlè àti fúláàrì obìnrin fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ má ṣahun, àmọ́ ẹ fún wọn ní èyí tí ẹ ti fọ̀ dáadáa, ẹni tó fi aṣọ tó pọ̀ tó yẹn jó nínú ooru ló máa gba àwọ̀ yín sọ́rùn.

Omi aró tó kù tí ẹ ti pò tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò tíì da finẹ́gà sí, ẹ lè rọ ọ́ sínú ìgò, ó máa ń pẹ́. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu tàbí ti jùùsì, pupa àti yẹ́lò inú ẹ̀ jọ nǹkan mímu jù, ẹ kọ orúkọ sára ẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò dé.